Gbogbo Irúgbìn Elégédé Wa Ló Yege

Songon, oṣù juin 1974

Rafiatou Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà nínú ariwo Adjamé yẹn? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwa ń bẹ, adìyẹ ń bẹ, orúnkún mi nìkan ni kì í gbọ́ràn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí táyà ọkọ̀ gbaka mọ ẹsẹ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn elégédé ló gbé mi dìde. O mọ̀ pé láti Ẹ̀jìgbò ni ìyá mi ti dì í sí etí ìró dé ibí, tó sì ní kò gbọdọ̀ run mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá kòkòrò sọ èyí tó wà nínú akèrègbè di ìyẹ̀fun, ó wá ku elégédé kan ṣoṣo lóko. Mo bá lọ bá Mùsíọ̀ Ignace, ọkùnrin ìjọba tó ń gun mobilẹ́ẹ̀tì wá kọ́ wa níṣẹ́ oko. Ó ní kí n yọ irúgbìn inú elégédé náà, kí n fọ̀ ọ́, kí n sá a sí ibòji. Ẹní ìyá rẹ ni mo sá a sí, ìyá rẹ sì sùn sílẹ̀ lásán fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní tó bá yá, kí n tẹ̀ ẹ́ wò: tó bá tẹ̀ tí kò kán, kò tíì gbẹ, tó bá dún pẹ́, tó kán, ó gbẹ nìyẹn.

Mo mú ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, pẹ́! Ìyá rẹ ní ó ti tó. Mo ní Ìyá Rafi, ṣé o ti gbàgbé ni? Inú kan náà ni Rafiatou àti Issiaka ti wá, nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà, Rafiatou yege, Issiaka gbòdo. Ta ló ń fi ẹ̀gbọ́n jẹ́rìí sí àbúrò? Mo jókòó, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí di ìrun alásàrí. Ọmọ mi, kò sí èyí tó gbòdo! Gbogbo wọn ló kán pẹ́pẹ́pẹ́.

Mo kó wọn sínú ìgò, mo fi àbẹ́là yíyọ́ dí ẹnu rẹ̀. Mùsíọ̀ ní kí n kọ orúkọ àti déètì sára rẹ̀. Orúkọ ta? Mo kọ tèmi, mo kọ tìrẹ, mo kọ ti ìyá mi olóògbé. Déètì ìgbéyàwó mi ni mo fi sí i, òun nìkan ni mo mọ̀ sórí. Ó ní ibi tútù ni kó máa wà, mo bá gbé e sínú firijidẹ́ẹ̀ Solange tó ń ta omi tútù àti bíà, mo sì fi súwẹ́tà Issiaka we ìgò náà kí òtútù má baà mú wọn. Solange ní súwẹ́tà ti gba àyè bíà. Mo ní kó ṣe sùúrù, ogún Ẹ̀jìgbò ló ń sùn níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, mo bù díẹ̀ gbìn, títí di òní wọ́n ṣì ń rò ó. Àṣé nígbà tí mo dìde lọ kírun ọ̀sán lọ́jọ́ ìdánwò, ìyá rẹ ti jí ẹyọ mẹ́ta kó sínú gèlè, èyí tí ẹnikẹ́ni kò dán wò! Ó gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n sì ti ń fà gun òrùlé láìní sẹ́tífíkà. Ó ní tí wọ́n bá so, ọ̀dọ̀ rẹ ní Adjamé ni irúgbìn wọn ń lọ tààrà. Ó ti fi ẹ̀gún ṣọgbà yí wọn ká. Mo ní ṣé nítorí ewúrẹ́ ni, ó ní nítorí mi ni.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fún Solange, kí n sì ra òróró fún àwọn ìka mi tó bó. Kí o bá mi bi àwọn ọ̀mọ̀wé ọ́fíìsì ìjọba ní Plateau lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ léèrè ìdí tí àwọn tó yege fi ń sùn, tí àwọn ìsáǹsá ń hù.

Wà á ta gbòǹgbò, wà á tàn kálẹ̀, ìdánwò ayé kò ní kán ọ. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Lìádì