Ìjókòó Iwájú Ọkọ̀ àti Agolo Bọ́tìnnì Màmá

Franklin, ní Tasmania,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún.

Maxine, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí Desmond ọkọ ẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara gbogbo yín le, àti pé ooru Cairns kò tíì yan yín gbẹ bí ẹja. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, yìnyín ti ń bo koríko láàárọ̀, a ti ká èso ápù tán, Walter ọkọ mi sì wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń ráhùn. Ìbọ̀wọ́ onírun ló wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Jókòó kí o tó kà á lọ. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́, n kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí o máa ké mọ́ mi kí n tó sọ ìdajì.

O mọ oògùn tí dókítà ní kí n máa lò fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú mi òsì, èyí tí kì í jẹ́ kí ara pèsè èròjà ara obìnrin tí jẹjẹrẹ mi fi ń ṣe oúnjẹ. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jí láàárọ̀, oríkèé-ríkèé ara mi á ti gan bí ilẹ̀kùn tí òjò pa. Àtàǹpàkò mi kò lè ṣí ìgò jáàmù. Ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọ ọdún kan. Walter ló ń bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, á fi ọ̀kan sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ọ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má jókòó tì í, pé bí mo bá ṣe ń lo ara tó ni yóò ṣe máa fúyẹ́ tó. Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kúrò nínú ẹgbẹ́ ọkọ̀ wa.

O ti rí ọkọ̀ náà nínú fọ́tò, ọkọ̀ gígùn tó ní orí drágónì níwájú. Ogún obìnrin ló ń jókòó sínú rẹ̀, méjì-méjì lórí ìjókòó mẹ́wàá, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí jẹjẹrẹ ọmú kò kàn rí. Àwọn méjì tó wà níwájú ni gbogbo ọkọ̀ ń wò. Bí wọ́n bá ti ki àjẹ̀ bọ omi ni gbogbo wa ń ki tiwa bọ̀ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo jókòó síwájú lápá òsì. Maxine, n kò ní nǹkan kan rí láyé mi tí mo fẹ́ràn tó ìjókòó yẹn. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, mo to ápù sínú àpótí fún ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn mi rí kí ó tó mọ ohun tí òun máa ṣe.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Bí a bá ti dé etí odò, a kì í bi ara wa léèrè àìsàn. Nola, olùkọ́ wa, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló máa ń sọ ọ́ fún ẹni tuntun: "Fi ọ̀rọ̀ dókítà sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Níbí, ọ̀rọ̀ àjẹ̀ la ń sọ." Òfin tó dáa ni, torí ó sú àwa náà kí àwọn èèyàn máa fi ojú àánú wò wá ní ìsọ̀ ẹran. Àmọ́ wo ohun tó fi ojú mi rí.

Oṣù Kọkànlá ni Anneke dé. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ní Cygnet, oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó fò sínú ọkọ̀ bí ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn bàtà ẹ̀, ó sì dìde láì di nǹkan kan mú! Mo wò ó títí. Nígbà tí a ń mu tíì, mo rí i tó yọ hóró oògùn funfun kan, kékeré bíi tèmi gan-an, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi tíì lé e. Mo ní háà, oògùn kan náà! Oògùn tó ń dá mi lóró, òun ń gbé e mì bí súìtì, ara rẹ̀ sì ń ta kébékébé. Láti ọjọ́ yẹn ni owú ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tó di oṣù Kìíní, Nola pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní: "Coralie, ọ̀rẹ́ mi, àjẹ̀ ẹ ti ń pẹ́ kó tó wọ omi, gbogbo ọkọ̀ sì ń pẹ́ tẹ̀ lé ẹ. Lọ sí ìlà keje, jẹ́ kí Anneke dán iwájú wò." Mo ní kò burú. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé inú mọ́tò ni mo tó sunkún, tí mo ń fi ọwọ́ tí kò lè ká lu ọwọ́ ìwakọ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi tilẹ̀ ní ẹ̀rí, dókítà ti gé ìdajì ẹ̀ lọ.

N kò ní purọ́ fún ọ, ìwà mi burú. Mo máa ń gbé tìmùtìmù tó tutù sórí ìjókòó Anneke kó tó dé. Mo ń ka àṣìṣe ẹ̀ láti ìlà keje. Bí wọ́n bá yìn ín, màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kò burú fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì." Lọ́jọ́ kan mo gbàdúrà, àdúrà gidi, pé kí orúnkún ẹ̀ yẹ̀. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, orúkọ Anneke kò sì kúrò lẹ́nu mi nílé, títí tí Walter fi ju ṣíbí sílẹ̀ lórí oúnjẹ. Ó ní: "Coralie, ká ní mo fẹ́ obìnrin yìí lé ẹ ni, o ò ní jowú tó báyìí." Mo sọ fún un pé kó fẹ́ ẹ, ó kéré tán, obìnrin yẹn á máa bá òun náà de bọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ní ìparí oṣù Kìíní, mo pa oògùn náà tì. N kò sọ fún dókítà, n kò sọ fún Walter. Láàárọ̀, màá mú hóró kan jáde níṣojú ọkọ mi, bó bá ti yíjú, màá sọ ọ́ sínú agolo bọ́tìnnì Màmá tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ pé Walter kò ní ṣí i láé. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí o ń pè mí, tí o ń béèrè, "Ṣé o ti lo oògùn ẹ, ẹ̀gbọ́n mi?", tí mo ń dáhùn pé, "Mo ti lò ó, ìyá mi, fi mí sílẹ̀," irọ́ ni mò ń pa fún ọ. Ìwọ tí o fi iṣẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí o sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tó tó bí oṣù kan, ìka mi ká. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ojú níwájú. Mo ṣí ìgò jáàmù mẹ́ta láì jẹ búrẹ́dì. Nola rí i nínú ọkọ̀, ó ní, "Kí lo jẹ?" Ó sì dá mi padà síwájú, ó ní kí Anneke lọ sí ìlà keje. Anneke rìn wá bá mi, ó dì mọ́ mi, inú ẹ̀ dùn dénú. Ìyẹn tún bí mi nínú. Mo fẹ́ kó jowú, Maxine. Mo fẹ́ kí ó mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìdíje Hobart bọ́ sí ìparí oṣù Kẹta. A ṣe ipò kejì, èmi ni mo wà níwájú. Lẹ́yìn ìdíje, gbogbo ọkọ̀ kóra jọ sójú kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a di ọkọ̀ ara wa mú, a sì ju òdòdó aláwọ̀ osùn sórí omi fún àwọn tí kò sí mọ́. Mẹ́rin ni tiwa lọ́dún yìí. Nígbà tí a gòkè, tí a ń mu tíì, ìgbéraga ń pa mí bí ọtí. Mo jókòó ti Anneke, mo sì rú òfin. Mo ní: "Ó dáa, sọ ọ́ wàyí. Kí lò ń ṣe tí oògùn yẹn kì í fi jẹ ìwọ níyà? Àbí oríkèé àwọn ará Cygnet yàtọ̀?"

Ó ní, "Oògùn wo?" Mo ní èyí tó ń lò pẹ̀lú tíì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Ó wá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ tòun kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ èròjà ara obìnrin, pé oògùn tiwa kò ràn án. Wọ́n gé e, wọ́n fa oògùn líle sí i lára, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, kó máa padà wá fún àyẹ̀wò. Bó ṣe sọ ọ́ rèé, mi ò lè gbàgbé: "Bí mo bá rí ẹ tí ò ń dìde lórí ìjókòó bí arúgbó, mo máa ń jowú ẹ débi pé mi ò lè wo ojú ẹ. Mo ní, wò ó, nǹkan kan ń ṣọ́ obìnrin yìí, ó ń gbọ́ ọ nínú egungun ẹ̀ láràárọ̀. Èmi, bí mo bá jí, gbogbo ara mi dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ náà ń sùn ni tàbí ó ń bọ̀."

  N kò mọ ohun tó sún mi, mo sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀, pé mo ti fi oògùn tèmi sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, nítorí ìjókòó. Ó wò mí.  Ó ní, "Wọ́n fún ẹ, o sọ ọ́ sínú agolo?" Ó dìde, ó lọ jókòó sídìí ọwọ́ ìwakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé wa wá. Òun ló gbé gbogbo wa padà sí Franklin.

Mo wọlé, mo gbé agolo Màmá kalẹ̀, mo dà á sórí tábìlì níwájú Walter. Bọ́tìnnì àti oògùn pọ̀ mọ́ra, funfun àti funfun. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà kò rí àwàdà kan ṣe. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Èmi ni mò ń de bọ́tìnnì ẹ. Ṣé mo ráhùn rí?" Mo sunkún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá dókítà. Kò bá mi jà. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe é, pé ká ní mo wá sọ ni, ọ̀nà wà. Ó fún mi ní oògùn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì rán mi sí obìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣan àti oríkèé. Ìyẹn kọ́ mi láti máa ki ọwọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó lọ sí odò, kí n máa gbé irin díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí n sì fi aṣọ wé ọwọ́ àjẹ̀ mi kó lè nípọn. Ó ń ràn mí. Ìrora náà ti padà dé o, kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó dé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Nola pẹ̀lú. Ìlà keje ni mo wà báyìí, Anneke wà níwájú. Má rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Bí mo bá rí i tó fò sínú ọkọ̀, mo ṣì ń jowú. Àmọ́ mi ò gbé tìmùtìmù tó tutù fún un mọ́.

Dárí jì mí, àbúrò mi. Kí Ọlọ́run tó mú wa la ikú Màmá já má jẹ́ kí a sunkún ara wa. Kí ara ìwọ àti àwọn ọmọ le, kí ilé yín tutù nínú ooru yẹn, kí a sì rí ara wa nígbà ìkórè ápù tó ń bọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ, òpùrọ́ tó ti ronú pìwà dà,
Coralie.

Mo gbàgbé èyí: Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Anneke kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó yíjú padà láti iwájú níṣojú gbogbo ọkọ̀, ó rú òfin Nola, ó kígbe pé, "Coralie, ṣé ó ń dùn ẹ́ lónìí?" Mo ní, "Ó ń dùn mí." Ó ní, "Ó ṣeun," ó sì ki àjẹ̀ bọ omi. Gbogbo Sátidé ló ń béèrè báyìí. Nítorí náà, bí o bá pè mí ní Sọ́ńdè, má bi mí bóyá mo ti lo oògùn, mo lè tún purọ́. Béèrè bóyá ó ń dùn mí, ìyẹn ni ẹ̀rí pé mò ń lò ó. Láàárọ̀ yìí, Walter ni yóò bá mi lẹ àpòòwé yìí, torí ìka mi kò ká.