Ehoro àti Àkùkọ Nínú Kọ̀ǹpútà Guisheng

Guisheng ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun gidi, àbí núdù inú ike yẹn náà ni lójoojúmọ́? Kí àwọn baba ńlá wa má gbàgbé orúkọ rẹ láàárín èrò ìlú Shenzhen yẹn. Èmi wà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ wà, orúnkún tó ń dùn mí náà wà, kò lọ síbì kankan.

Ìpara kékeré aláwọ̀ eérú tí o rà fún kọ̀ǹpútà rẹ, tí wọ́n ṣèèṣì gbé wá sílé, ti dé láti bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò mọ̀ pé ti kọ̀ǹpútà ni, orúnkún ni mo fi ń pa. Ó tutù lára, àmọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ó ṣì kù díẹ̀, màá dì í pa mọ́ fún ọ.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. O ní o ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jà àwọn elẹ́rọ, o tò wọ́n pọ̀, o dè wọ́n, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn ẹ̀yà náà ò bára mu. O wá ní bí kò bá tàn, o ò ní wálé fún Ọdún Tuntun, pé o ti fi yangàn fún gbogbo abúlé, ojú á tì ọ́. Ibẹ̀ ló ti rẹ̀ mí, Guisheng. Ọdún kẹta rèé tí mo ń dá jẹ oúnjẹ ọdún.

Mo mú àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù lọ bá Bàbá Nong, àwọn tó máa ń wo ẹranko tó ni ọdún ìbí àwọn tó fẹ́ fẹ́ra, bóyá wọ́n á bára mu. Wọ́n wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọdún Àkùkọ ni wọ́n bí pátákó inú rẹ̀, ọdún Ehoro ni wọ́n bí ojú rẹ̀, Àkùkọ àti Ehoro kì í gbé pọ̀, ta ló wá so irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀ láìbi àgbà léèrè? Wọ́n ní kí o kọ ọ̀kan sílẹ̀ kíá. Mo fún wọn ní ẹyin pẹ́pẹ́yẹ mẹ́wàá, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ wálé.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dé kí n tó rántí pé ọdún Àkùkọ ni wọ́n bí bàbá rẹ, ọdún Ehoro sì ni wọ́n bí èmi. Bàbá Nong yìí kan náà ló sọ fún àwọn òbí mi pé a ò ní lò tó ọdún kan. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la lò kí bàbá rẹ tó kú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ojú tèmi náà ṣókùnkùn, tí n kò ní dá a lóhùn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò tú mi palẹ̀, kò pààrọ̀ mi. Á kàn bu ìrẹsì fún mi, á sì jókòó tì mí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Nítorí náà má kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Gbé e wá bó ṣe wà, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bóyá òtútù ló mú un. Bí àwọn ará abúlé bá béèrè, màá ní ó ń sùn ni. Ẹran tí mo so rọ̀ sókè ààrò ti gbẹ dáadáa, n kò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo nílò owó o. Iye tí mo fẹ́ ni owó ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi. Má fi í sínú fóònù, mo ti tú fóònù yìí wò, kò sí owó kankan nínú rẹ̀. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí o sì fọwọ́ ara rẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì náà wá fún mi.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ lọ́nà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.