Ìwé Ikú Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Mi

                                        Ilé Jẹ̀lílì Aláṣọ Funfun,
                                        Àdúgbò Zongo,
                                        Parakou,
                                        Ilẹ̀ Benin.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Dúródọlá, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí eyín wa ṣì pé,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé eegun ṣì ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún tó kọjá ti gbà kí o máa rìn dé etí òkun ní Kútọnu níbẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ìyàwó rẹ, ṣé ó ṣì ń fi iyọ̀ dù ọ́ nínú ọbẹ̀? Kí ó máa fi dù ọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣì ní ẹni tí yóò fi iyọ̀ dù ú, kí ó dúpẹ́. Èmi náà wà. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú bí ó ti ń mú. Hùdá, ìyàwó Fáìsàlì ọmọ mi, ni mo ń sọ èyí fún tó ń kọ ọ́. O mọ̀ pé n kò mọ ìwé. Mo ti ní kí ó má fi oyin sí i, bí mo bá ti sọ ọ́ gan-an ni kí ó kọ ọ́.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Kí n tó dá a, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí awakọ̀ já ẹrù tí o fi ránṣẹ́ sílẹ̀ fún mi ní ọjà Arzèkè, mo rò pé ẹja gbígbẹ ni. Mo tú u, mo bá ìwé méjì. Hùdá yẹ̀ wọ́n wò, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ikú ni méjèèjì." Mo bú ọ, Dúródọlá. Mo ní olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì yìí ti ya wèrè. Ta ní ń fi ìwé ikú ránṣẹ́ sí ẹni tó ti ń gé aṣọ òkú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún? Ìyẹn ni pé ó gbé omi lọ ta fún ẹja. Àwọn tó kú ní Zongo, ọwọ́ mi ni aṣọ funfun wọn ti ń jáde. Mo sin bàbá, mo sin ìyá, ọmọ kú mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sin Àràmọ́tù ìyàwó mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ni ìwé Faransé fẹ́ kọ́ mi? Mo fi ọ̀kan ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa máa gbá a.

Ṣùgbọ́n òjò ọdún yìí pọ̀, ọjà sì dá. Hùdá mú ìwé kejì, ó ń kà á fún ara rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí ó ka ohun tó ń pa á lẹ́kún sí mi létí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásàrì, yóò ka Faransé sínú, yóò fi Yorùbá sọ ọ́ síta. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà obìnrin náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀lẹ ọkùnrin ni.  Hùdá kàn wo ìdí ògiri, níbi tí búta tí Àràmọ́tù fi ń ṣe àlùwàlá wà, tí mò ń bu omi kún láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Mo ní kí ó máa ka ìwé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a parí ìyẹn, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo yọ èkejì kúrò nídìí ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn tí oníṣègùn ti sọ pé kò sọ́nà mọ́ ló kọ èyí. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ní kí Hùdá kà lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin náà ní bí aláìsàn bá sọ pé òun ń lọ, kí a má ṣe fi àdúà dí i lẹ́nu. Kí a jókòó. Kí a bi í pé, kí lo fẹ́ sọ?

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi létí. O kò sí ní Parakou nígbà tí Àràmọ́tù ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí. Ó ní, "Bàbá Fáìsàlì, ẹ jókòó, n kò ní pẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kan wà." Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Mo ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú, yóò dìde, yóò tún dáná. Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́. Ẹ̀rù ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú bá a. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé ọ̀rọ̀ wo ni. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ìwé rẹ fi fà á yọ lẹ́nu mi.

Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí Àsánátù ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ àìsàn ní àdúgbò Titirou. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń sọ fún ọ pé ìyàwó kò ní gba olùkọ́ tó gùn bí òpó. Ilé ìwòsàn dá a padà sílé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àbdùlmàjíìdì, àkọ́bí rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ju "ara á yá" lọ. A ó wọlé, a ó kí i, a ó ṣàdúà, a ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń dìde, Àsánátù ní, "Jẹ̀lílì, mò ń lọ o." "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ti dé orí ètè mi. Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n n kò bi í ní nǹkan kan. Mo jáde. Lórí alùpùpù zẹ́mìjàn tó gbé mi padà sí Zongo, mo rí i pé mo ti tún fẹ́ ṣe é.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kẹta, mo ki ìwé rẹ bọ àpò ẹ̀wù mi bí ẹni tó so tírà mọ́ra. N kò lè kà á, ṣùgbọ́n ó kì mí láyà. Àbdùlmàjíìdì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tí yóò bà á lọ́kàn jẹ́." Mo ní, "Ìyá rẹ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìwọ lo sì rò pé ò ń tàn án. Yà fún mi." Ó yà. Mo jókòó sórí ẹní, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ sọ?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ, Jẹ̀lílì? Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní Dúródọlá ni.

Ó ní, "Ó mà pẹ́ kí ó tó kọ́ ọ o. Lọ mú aṣọ wá. Èyí tí o gé fún ìyá wa kúrú, ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Wá wọn tèmi nígbà tí mo ṣì lè bú ọ."

Mo mú aṣọ wá. Mo fi apá wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n fi ìdajì apá kún un, kí n má ṣe ahun. Àbdùlmàjíìdì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó dára, àkọ́bí mi mọ ẹkún sun. Wá jókòó." Láti ọjọ́ náà, ilé yẹn di ilé ọ̀rọ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ti oníkálukú fún un.

Ó wá sọ tèmi. O rántí Ráfíátù, ọmọbìnrin èmi àti Àràmọ́tù tó kú ní ọmọ ọdún méje. O sì mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n èmi tẹ̀lé wọn lókèèrè lọ́jọ́ náà, mo mọ ibẹ̀. N kò sọ fún Àràmọ́tù, kí ọgbẹ́ rẹ̀ má bàa ṣí. Èmi nìkan ni mo ń yọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, n ó jókòó, n ó jẹ obì mi, n ó padà. Àsánátù ní, "Àràmọ́tù mọ ibẹ̀. Nígbà tí ẹkún fẹ́ pa á ni mo bá a wádìí, mo sì mú un lọ. Ó ń bá èèpo obì rẹ níbẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ, kí ọgbẹ́ tìrẹ má bàa ṣí. Ohun tó fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn, tí o kò jẹ́ kí ó sọ, tó wá sọ fún mi: pé òun ti ń lọ síbẹ̀, pé òun mọ̀ pé ìwọ náà ń lọ síbẹ̀, kí o bá òun máa bomi rin igi náà."

Mo ní, "Igi wo?"

Ó ní, "Igi làálì tó gbìn síbẹ̀. Ó ní ọmọ obìnrin tí kò dé ilé ọkọ, kí làálì rẹ̀ wà nítòsí rẹ̀."

Dúródọlá, abẹ́ igi yẹn ni mo ti ń jókòó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé igi náà hù fúnra rẹ̀.

Àsánátù lọ ní Jímọ̀ tó kọjá, lójúmọmọ, gbogbo ọmọ rẹ̀ yí i ká. Aṣọ rẹ̀ kò kúrú. Àná la ṣe àdúà ọjọ́ kẹta. Láàárọ̀ yìí, mo gbé búta Àràmọ́tù kúrò nídìí ògiri, mo gbé e fún Hùdá, a jọ rìn lọ sí ibi ìsìnkú ní gbangba. Mo da omi inú rẹ̀ sídìí igi làálì náà. A pọn òmíràn, a tún dà á.

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo gba èébú mi padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ìwé méjèèjì. Bí ó bá ku irú rẹ̀, fi ránṣẹ́. Fi ẹja gbígbẹ sí i pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù, Hùdá ní òun kò fẹ́ kọ ọ́, mo ní kí ó kọ ọ́. Bí ó bá kan ìwọ ṣáájú, ránṣẹ́ pè mí. N ó wọ ọkọ̀ wá sí Kútọnu, n ó jókòó, n ó bi ọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi ló kàn, ìwọ wá. Má wá ṣàdúà lé mi lẹ́nu.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí gbogbo ilé. Fáìsàlì kí ọ. Hùdá náà kí ọ, ó ní ọwọ́ ń ro òun.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tí kò mọ̀wé,
Jẹ̀lílì