Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ Kí Ẹ̀ṣẹ̀ Tó Dé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹwàá, 2025
Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: Mubarakah ọmọ mi, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ gàrí wọn ní Odogbolu. Haneef, tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, tó kọ́ ọ níṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fò kọjá. Ohun tí ará Ìjẹ̀bú yóò wí. Ìfúnpá mi. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò. Ṣùgbọ́n Haneef ju òrùlé lọ.

Àlàájì Gbàdàmọ́sí, tó ni ilé iṣẹ́, ló pe Mubarakah sọ ọ́. Ó ní kó ṣì fi sínú. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni Mubarakah sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, 9
Fàtímọ̀ ìyàwó mi, tí mo ń pè ní Adájọ́, ní kí n fi ọ̀rọ̀ Haneef sílẹ̀. Ó ní bí n kò bá rí ohun tí màá bẹ̀rù nílé yìí, màá lọ yá ti ará ilé kejì. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Mubarakah yà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn Jímọ̀. Ọmọ yìí ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀ kó tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Gàrí kankan kì í jáde ní Odogbolu kó má fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú tọ́ wò. Lónìí ó ní àwọn tó ń yan gàrí ló ń tọ́ ọ wò báyìí. Òun kàn ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí. Ó ní ohun tó le jù fún òun lọ́dún yìí ni kí òun jókòó sípàdé, kí òun sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo wò ó títí. Èmi ni mo bí èyí o.

Kò tíì dá Àlàájì lóhùn. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó náà ń pè é.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Adájọ́ lọ sí àsàlátù. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ibefun, ilé Haneef. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: a kì í dúró kí inú ó bí èèyàn tán kí á tó bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, kì í ṣe ẹjọ́ Mubarakah, ipò kì í wo ọjọ́ orí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ń wò mí.

Ó ní, "Bàbá, ipò wo?"

Kò tíì gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún un. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ.

Ó sìn mí dé títì. Ó ní kí n bá òun kí Màmá. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 13
Haneef ò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Kò tún lọ. Mo pe Mubarakah, mo sọ ohun tí mo ṣe. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú sí mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti bẹ ẹ̀bẹ̀ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ̀rọ̀ tèmi."

Adájọ́ gbọ́. Ìdájọ́ rẹ̀: n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́ láìgba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mubarakah lọ sí Ibefun lánàá. Ó kúnlẹ̀ kí Haneef bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó kàn bi í pé, Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yan iṣẹ́ fúnra yín, èwo lẹ máa yàn? Ó bá panu mọ́.

Haneef sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Ó ní ìpàdé àti wàhálà báńkì kò wu òun. Ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló wu òun, kí òun máa darí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má máa yọjú lẹ́yìn òun. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi náà jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. N kò bi í ní nǹkan kan.

Haneef ti padà síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19
Ẹ̀rù mìíràn. Mubarakah ti sọ fún Àlàájì pé bí wọn ò bá fún Haneef ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ kíkún, kí wọ́n wá ẹlòmíràn sí Odogbolu, òun ń lọ sí Èkó. Ta ní ń bá Àlàájì sọ̀rọ̀ báyẹn? Mo ní kó rọra. Ó ní, "Bàbá mi, àga tí n ò bá lè fi gbé ẹlòmíràn dìde, kí ni n ó máa jókòó ṣe nínú rẹ̀?"

Bí mo ṣe ń bẹ̀rù ni orí mi ń wú.

Ọjọ́rú, 22
Àlàájì ò tíì fèsì. Ìfúnpá gòkè. Adájọ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Àlàájì gbà. Mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Mubarakah di ọ̀gá àgbà. Haneef ló máa darí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mubarakah ní òun ò ní yà síbẹ̀ àfi bí Haneef bá pe òun. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àpò gàrí kan kọjá!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28
Adájọ́ ti dá fóònù padà. Haneef pè mí fúnra rẹ̀. Mo rò pé ẹjọ́ ni. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àlàájì máa wà níbẹ̀, àwọn ààfáà náà, ṣùgbọ́n èmi ni òun fẹ́ kó ṣe àdúà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Mo ní kó wá ẹlòmíràn, èmi tí mo ba nǹkan jẹ́ yìí.

Ó ní, "Bàbá, àwọn ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n fẹ́ fò mí kọjá, wọ́n sì ń kí mi láràárọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá sílé mi."

Adájọ́ gba fóònù, ó ní à ń bọ̀.

Òjò lè rọ̀. Ohùn mi lè gbọ̀n níwájú Àlàájì. Mo lè gbàgbé àdúà sílé. Mò ń lọ bẹ́ẹ̀ náà: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ní kété tí a bá kí àsùbáà tán.