Ẹ Má Dúró De Oògùn Wa Mọ́

                    Òjúlé Kejìlá, Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                    Agbowó, Ìbàdàn.
                    Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Láwùmí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ìrẹ̀mídé ọmọ yín ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Mi ò tí ì béèrè Bàbá Ìrẹ̀mídé, ọkọ yín, ẹ má bínú. Nítorí tiwọn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Mo pè yín lánàá, mo sì já a kí ẹ tó gbé e, torí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹkún mi. Awakọ̀ kan ní gáréèjì Ṣàngó ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Ẹ rántí pé nígbà Àjíǹde mo sọ fún yín pé oògùn tí à ń dán wò lára eku ní ilé ìwádìí wa ní Bódìjà ń mú kí ẹ̀dọ̀ tó wú fà sẹ́yìn. Ẹ ti jẹ́rìí nínú ìjọ. Bàbá Ìrẹ̀mídé, tí ẹ̀dọ̀ tiwọn náà wú, ní àwọn ò lọ sí ọsibítù mọ́, àwọn á dúró de oògùn àbúrò ìyàwó àwọn.

Háà, ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó purọ́ o, àmọ́ irọ́ ni.

Ṣé ẹ rí i, a máa ń gbé eku sínú ẹ̀rọ síkáànù, àwòrán inú rẹ̀ á jáde sórí kọ̀ǹpútà. Èmi àti Túnráyọ̀ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ la máa ń fọwọ́ fa ìlà yí ẹ̀dọ̀ ká, ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀dọ̀ ti fara kan ikùn, àwọ̀ kan náà ni wọ́n, bí ilẹ̀ tí kò ní ààlà. Ẹni tó ń fà á ló ń pinnu. Àwa sì mọ eku tó mu oògùn àti èyí tí kò mu. Ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ lọwọ́ wa ń fà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikúbọlájẹ́, ọ̀gá wa, yọ gbogbo àmì tó ń fi eku tó mu oògùn hàn kúrò lára àwòrán, wọ́n ní ká tún un fà. Tèmi ò bá ti Túnráyọ̀ mu. Èyí tó burú jù, tèmi ò bá tèmi àtijọ́ mu! Eku kan náà, ọwọ́ kan náà. Ẹ̀dọ̀ àwọn tó mu oògùn ò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mu. Túnráyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Ọ̀gá kàn ní ká máa lọ sílé.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ. Inú ń bí mi sí ara mi, ó ń bí mi sí Bàbá Ìrẹ̀mídé pẹ̀lú, ẹ foríjì mí. Ẹyinjú wọn ti pọ́n bí epo, ikùn wọn ti yọ síta, wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi tu ara wọn nínú.

Ẹ bá mi kí Màmá, àmọ́ ẹ má tí ì sọ fún wọn. Ìgò oògùn tí ẹ ní kí n bá yín yọ́ mú jáde, kò ní bọ̀ o. Èmi ni mò ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé, lọ́wọ́ òfo. Ẹ di ẹrù ọsibítù wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá láwọn ò lọ, èmi àti ẹ̀yin la ó jọ gbé wọn wọ mọ́tò.

Èmi ni àbúrò yín tó fún yín ní ìrètí, tó tún wá gbà á padà,

Bọ́sẹ̀.