Ọkùnrin Tí Gbogbo Èèyàn Dá Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mo ti rí i. Nínú ìwé ìròyìn ni, èyí tí oníbúrẹ́dì fi wé búrẹ́dì àárọ̀ fún mi. Mo ti fẹ́ jù ú sínú iná kójú ẹ̀ tó dá ọwọ́ mi dúró. Wọ́n ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò mọ orúkọ ara ẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé kankan lápò ẹ̀. Ẹ̀wù sójà tó ti gbó ló wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ti wà nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán náà: TA LÓ MỌ ỌKÙNRIN YÌÍ?

Èmi ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Baba Ẹlẹ́nu ni, bàbá ọmọ mi.

Ogun parí, ọkọ àwọn ẹlòmíràn dé, tèmi ò dé. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó kú. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó wà láàyè. Bí mo ṣe wà látìgbà náà nìyẹn — n kì í ṣe opó, n kì í ṣe abilékọ.

Mo rán apá ẹ̀wù méjì mọ́ra wọn lónìí. Oníbàárà bú mi. Kò tiẹ̀ dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo gbé àwòrán náà lọ bá Bùọ̀dá Alápatà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n ń gé ẹran lọ́wọ́. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n gbé e sún mọ́jú, wọ́n tún gbé e jìnnà. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ó jọ ọ́. Ó jọ èmi náà. Ó jọ ìdajì àwọn ọkùnrin àdúgbò yìí. Fi òkú sílẹ̀ kó sinmi."

Òkú wo? Ta ló rí òkú?

Mo ká ìwé mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ. Mo wọkọ̀ ojú irin, mo tún fẹsẹ̀ rìn. Ilé ńlá funfun, ó ń rùn bí ọṣẹ àti ìtọ̀. Onígíláàsì ni màá máa pe dókítà tó gbà mí, torí gíláàsì ojú ẹ̀ kì í dúró. Ó ń fìka tì í sókè ṣáá.

Ó mú mi wọ yàrá gígùn kan. Òun nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àlejò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Mo pè é lórúkọ. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ògiri. Mo fi orúkọ tí mo máa ń pè é ní yàrá pè é, bákan náà ló rí. Ó ti rù. Ewú ti bo etí méjèèjì. Ṣùgbọ́n àpá wà lágbọ̀n ẹ̀, níbi tí ayùn ti gé e nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Àbí ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀? Ó ti pẹ́. Bóyá àpá náà ń rìn, ta ló mọ̀.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Dókítà, ọkọ mi ni. Mo dá a mọ̀."

Onígíláàsì ti gíláàsì ẹ̀ sókè. Ó ní, "Màdáámù, gbogbo àwọn tó wá ló dá a mọ̀."

Ó ní àwọn kan pè é ní bàbá wọn, àwọn kan ní àbúrò wọn. Àfẹ́sọ́nà ẹnì kan tiẹ̀ dákú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó dé ibẹ̀ tó wò ó tán, tó sọ pé kì í ṣe òun. Púpọ̀ wọn ò padà wá mọ́. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni kì í pa Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ì bá tiẹ̀ jágbe mọ́ mi, ì bá sàn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹlẹ́nu bi mí bóyá bàbá òun béèrè òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà ò pa ẹnu dé látàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bá ìyá àgbà náà níbẹ̀. Ìyá Ọsàn — orúkọ tí mo sọ wọ́n nìyẹn. Wọ́n ń bó ọsàn, wọ́n ń yọ kóró ẹ̀, wọ́n ń fi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó sì ń jẹ ẹ́! Inú bí mi burúkú. Mo jókòó sí apá kejì, mo di ọwọ́ ẹ̀ kan mú. Bá a ṣe wà nìyẹn, bí orogún méjì níwájú ọkọ tí ò bìkítà.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé tìẹ náà ò dé ni?"

Mo ní, "Ó ti dé, mà. Òun lẹ ń fi ọsàn kún lẹ́nu yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́ èèyàn burúkú.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, orúkọ kan ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n ń dágbére, orúkọ mìíràn ni. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ọmọ méjì làwọn fún ogun, wọ́n jọra bí ìbejì, kò sí èyí tó padà wá.

"Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n ni mo ń rí. Lọ́jọ́ mìíràn, àbúrò ni. Èyí tó bá jẹ́ nínú wọn, màá gbà á."

Nínú ọkọ̀, mo ń sọ fún ara mi pé ìyá náà ti ń ṣarán. Mo sọ ọ́ títí mo fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo gbé ẹ̀wù ẹ̀ lọ, aláwọ̀ ewé tí mo rán fún un kó tó lọ, èyí tó ní kí n tọ́jú de òun. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Èjìká ṣe wẹ́kú. Àyà ṣe wẹ́kú. Apá kúrú.

Kì í ṣe kékeré. Ọrùn ọwọ́ ẹ̀ wà níta pátá.

Ara ọkùnrin lè gbẹ, ẹ̀yìn ẹ̀ lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ẹni tó ti fẹ́yàwó tó ti bímọ ò tún lè máa dàgbà. Iṣẹ́ mi ni. Mo mọ̀.

Ìyá Ọsàn ń wò mí. Mo yára ká apá ẹ̀wù náà sókè, bíi pé ooru ló ń mú un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo tú ìṣẹ́tí apá ẹ̀wù náà. Aṣọ ṣẹ́kù níbẹ̀ dáadáa. Mo fà á sílẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo tún un rán. Mi ò bi ara mi ní ìbéèrè kankan. Ọwọ́ ń ṣe é, èmi ń wò ó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Onígíláàsì ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ Àlejò ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Ilé ìwòsàn ti kún, wọn ò lè máa bọ́ ẹni tó ní ẹbí. Kí n mú ẹlẹ́rìí wá, àti ohunkóhun tó bá jẹ́ tiẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ fún Bùọ̀dá Alápatà nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. "Ìyàwó, dìde, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀." Mi ò dìde. "Màá bá ẹ lọ," wọ́n ní, "kí n lè sọ fún wọn lójú ẹ pé kì í ṣe òun. Bóyá wàá sinmi."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Ó ti parí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kó má baà yí padà nínú mi.

Bùọ̀dá wọlé, wọ́n fajú ro bí ẹni tó wá jà. Àlejò gbójú sókè wò wọ́n. Ni alápatà tí mi ò rí omi lójú wọn rí, kódà níbi ìsìnkú ìyá wọn, bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ọkùnrin náà mú. "Àbúrò mi nìyí. Háà! Àbúrò mi nìyí!" Wọ́n ń sunkún bí ọmọdé.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn náà ti dá a mọ̀.

Alága ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n wọ ẹ̀wù náà fún un. Ó dé ọrùn ọwọ́ rẹ́gí. Alága kọ nǹkan sílẹ̀. Onígíláàsì wò mí, ojú ẹ̀ rọ̀. Ó gbà mí gbọ́.

Ó kan Ìyá Ọsàn. Wọ́n bi wọ́n lórúkọ ọmọ wọn. Wọ́n dá orúkọ méjì. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn.

"Èwo nínú méjèèjì ni, màmá?"

"Èyíkéyìí, sà. Èyíkéyìí."

Ìgbìmọ̀ fi ọkùnrin náà lé mi lọ́wọ́.

Ìyá Ọsàn ò sunkún. Ní àbáwọlé, wọ́n kó ìyókù ọsàn ọwọ́ wọn fún mi. "Máa yọ kóró ẹ̀ o. Ó máa ń há a lọ́fun." Ọ̀rọ̀ apá ẹ̀wù yẹn wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ fọn fèrè, Bùọ̀dá fà mí lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n fà mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Ilé kún. Ará ẹ̀yìnkùlé, ará iwájú ilé, oníbúrẹ́dì. Kálukú ló ń sọ pé òun ìbá dá a mọ̀ níbikíbi. Oníbúrẹ́dì ní ẹ̀rín ẹ̀ ò yí padà. Ọkùnrin tí kò tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́nu jókòó sẹ́sẹ̀ ẹ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ èyí ná. Bàbá, ẹ wò ó." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi sùn lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Orí àga ló ń sùn. Kò sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Bùọ̀dá mú òòlù àti ìṣó wá fún un, pé kó kan ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Ó di òòlù náà mú bí ẹni di ẹja mú. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ogun ti jẹ́ kó gbàgbé iṣẹ́. Wọn ò wojú mi. Wọ́n kan ẹsẹ̀ tábìlì náà fúnra wọn, wọ́n sì lọ láìjẹun.

Ṣé àwọn náà mọ̀? Ta ni màá bi? Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á dáhùn.

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Ọsàn pé kí wọ́n máa wá síbí ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọn ò fèsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo gbọ́ ìró àga. Ó ti dìde, ó ti wọ bàtà, ó ti so okùn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó wá dúró níwájú mi, ó tẹ orí ba díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ ṣeun mà, tí ẹ gbà mí sílé. Mo fẹ́ máa lọ. Ìyàwó mi á ti máa retí mi."

Mo ní, "Níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé, mà."

"Níbo nilé?"

Ó la ẹnu. Ó ń wá a. Mo rí i bó ṣe ń wá a, bí ẹni tó ń tọwọ́ bọ àpò tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kí lorúkọ ìyàwó yín?"

Ó tún wá ìyẹn náà tì. Ó ní, "Ó kúrú. Ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́." Inú ẹ̀ dùn pé òun rí ìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ẹ̀rín lójú ẹ̀.

Èmi ga. N kì í kọrin.

Obìnrin kan wà níbì kan, ó kúrú, ó ń fọ abọ́. Kò rí ìwé ìròyìn. Tàbí ó rí i, ó lọ, wọ́n sì sọ fún un pé ẹlòmíràn ti wá mú un lọ, pé ẹ̀rí wà.

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ni mo tún lè ṣe? Ó jáde dé àtẹ̀gùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i pé ẹ kú ọ̀sán, Baba Ẹlẹ́nu. Ó dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀nà wo ni?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó padà wọlé, ó tú okùn bàtà, ó tò wọ́n jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó.

Ẹlẹ́nu wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó lọ bu omi, ó gbé e fún un.

"Ẹ gbà, sà," ló wí. Kò pè é ní bàbá mọ́.