Ìsinmi Olówó Pọ́ọ́kú Tó Gbé Mi Dé Ìlú Yín

                                        Ilé Kẹrìndínlógún,
                                        Òpópónà Birch,
                                        Duluth, Minnesota.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Lorna ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń wá wò yín lọ́jọọjọ́ Àìkú? Ara wa le níbí, òtútù ti dé. Gary ọkọ mi ń kí yín. Òun ló fi dandan lé e pé kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí. Nígbà tí ẹ sin Búọ̀dá Delbert ọkọ yín lóṣù kẹta, mo sọ fún yín pé owó ọkọ̀ òfuurufú ti wọ́n jù, pé agbára wa ò ká a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín odidi ọdún kan nígbà tí màmá mi kú, n kò mọ ohun tí mo lè wí lójú yín.

Lóṣù kẹjọ, èmi àti Gary ní ká lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí pé owó ọwọ́ wa kò tó nǹkan, a pinnu pé a ò ní yan ìlú kankan. Ibi tí owó ọkọ̀ rẹ̀ bá kéré jù la ó lọ. Mo tẹ ọjọ́ sínú fóònù, mo fi àyè ibi tí à ń lọ sílẹ̀ lófìfo. Ìlú yín ló kọ́kọ́ yọ jáde. Gary yọjú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Albuquerque kẹ̀! Colleen, Ọlọ́run ló ṣe é. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ la ó dé sí, a ò tiẹ̀ ní sanwó òtẹ́ẹ̀lì!"

Mo ní rárá. Ṣé kí n wá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé owó tí kò sí fún ìsìnkú ti wà fún fàájì? Mo ní ká lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí a ṣe lọ nìyẹn, tí mò ń fi fìlà bojú kiri ìlú yín bí olè.

Lọ́jọ́ kẹta, a yà sọ́jà kan tí wọ́n ti ń sun ata tútù, tí wọ́n ń tà á ní àpò àpò. Mo gbọ́ ohùn kan níwájú mi.

"Bá mi dín in kù, àpò yẹn ti pọ̀ jù fún mi."

"Ah, Màmá, ọdọọdún lẹ̀ ń ra àpò ńlá."

"Èmi nìkan ló kù nílé báyìí, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ni. Ẹ ti gbẹ. Jákẹ́ẹ̀tì Búọ̀dá Delbert lẹ wọ̀. Ibẹ̀ ni Gary ti pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn. Ẹ yíjú, ojú wa ṣe mẹ́rin, ẹ ní, "Colleen?" Mo fa fìlà wálẹ̀, mo sá sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, mo ba síbẹ̀. Gary wá bá mi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Wọ́n ṣì ń wá ẹ kiri o."

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ní ẹ rí mi lọ́jà, ẹ pè mí, mo sì pòórá. Pé bóyá ìbànújẹ́ ti ń da orí yín rú. Ẹ ní Lorna ti bá yín gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, ó sì ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ yín. Ẹ tún wá ní kí n má dààmú.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan tó ṣe orí yín. Èmi ni ẹ rí. Ẹ bá mi kí Lorna, kẹ́ ẹ sì fún un ní lẹ́tà yìí kó kà á láti òkè dé ilẹ̀, kó lè dá kọ́kọ́rọ́ yín padà.

Èmi ni àbúrò yín tó sá fún yín,
Colleen.